Ẹsẹ̀ Tí Kò Lè Kúnlẹ̀ Láàárọ̀

Bí wọ́n bá ti sọ fún yín pé làkúrègbé ló ń ṣe yín, tí ẹ kò sì tíì hu ewú kan lórí, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò wá tàn yín. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù, nítorí ẹ̀rù ba èmi gan-an, ó sì ń bà mí títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí àìsàn yìí ṣe máa ń wọlé, àti ohun tí àwọn èèyàn yín yóò máa sọ bó bá wọlé tán, kó má bàa bá yín lójijì bó ṣe bá mi.

Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí, Fìdítì ni mo lọ́kọ sí. Káfíńtà ni ọkọ mi, Bàbá Àjíkẹ́. Èmi ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ti gba Fìdítì kọjá mọ bí a ṣe ń ṣe é: bí lọ́rì bá ti ń rọra bọ̀, a ti gbé àwo lérí, a ti sáré tẹ̀ lé e, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló tà. Mo lẹ́sẹ̀ eré nígbà náà. Ẹtu ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí. Mo sì mọ ọsàn ún bó débi pé èèpo rẹ̀ kì í já lọ́wọ́ mi. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí owó padà sí náírà ni mo bí Àjíkẹ́, àkọ́bí mi. Ọmọ náà kò tíì máa rìn tí mo fi ṣàkíyèsí pé òrùka ìgbéyàwó mi kì í bọ́ láàárọ̀. Mo rò pé mo kàn ń sanra ni. Lẹ́yìn náà ni ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Bí mo bá jí, ọwọ́ mi méjèèjì kì í ká. Mi ò lè so ọ̀já mọ́ àyà, mi ò lè fún aṣọ tí mo fọ̀. Ó wú, ó gbóná, ó ń ta mí. Láti ọwọ́ ó dé orúnkún, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Tó bá wá di ìyálẹ̀ta, tí oòrùn ti mú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹni tó bá rí mi kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe mí.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyàwó ilé á lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ rẹ̀, á kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa, a bá a lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ni. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, kì í gba gbẹ̀rẹ́ rárá. Opó ni, òun nìkan ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, òun náà ló sì ń pọn Àjíkẹ́ nígbà tí mo bá wà lọ́nà mọ́tò. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ rántí bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ẹnu ọ̀nà Ìyá, orúnkún kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo di ògiri mú, mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ṣàlàyé fún un pé orúnkún ló ń dùn mí, ó sì kí mi pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ó ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó rí mi tí mo ń sá tẹ̀ lé lọ́rì kan, àwo ọsàn wà lórí mi. Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà títí mo fi tajà tán. Ó di ojú ọkọ mi kó tó sọ ọ́.

“Ẹsẹ̀ tó ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò, òun náà ni kò lè kúnlẹ̀ kí mi?”

Kí ni mo fẹ́ wí? Ohun tó fojú rí ló sọ. Èmi gan-an kò tíì gbọ́ irú àìsàn tó mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di agbéraga nílé ọkọ. Wọ́n ní ìwé mẹ́fà tí mo kà nílé ìwé Onítẹ̀bọmi ló ń gùn mí. Ọkọ mi gbà mí gbọ́ nínú yàrá, àmọ́ bó bá ti jáde sí gbangba, ẹnu rẹ̀ á wọlé.

Síbẹ̀ wọn ò fi mí sílẹ̀ láìtọ́jú. Màámi ti Ìlọrà wá pẹ̀lú òrí, ó ń fi pa mí lára lọ́jọ́ tó bá wá. Ìyá náà wá ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ sí mi lórúnkún, wọ́n fi nǹkan dúdú ra á. Ojú àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Àgbo tí mo mu korò débi pé etí mi ń dún. Ẹnì kan ní mo ti tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀. Ẹlòmíràn ní kò lè jẹ́ làkúrègbé láé, pé àìsàn arúgbó nìyẹn, kí n lọ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Gbogbo ẹni tó bá yà kí wa ló ní oògùn lápò. Tí wọ́n bá sì ń lọ, wọ́n á ní kí n mú sùúrù, pé kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀. Òwe yẹn dáa, orúnkún mi ni kò gbọ́ òwe.

Nígbà tó pẹ́, ọkọ mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi kúrò nílé, wákàtí tí ara mi burú jù lọ nìyẹn. Ọkọ mi ló gbé mi sínú mọ́tò bí ẹní gbé àpò gaàrí. Nígbà tá a débẹ̀, èrò ti kún. A gba káàdì, a tò, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. A sún síwájú, a tún sún. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti sùn síbẹ̀ láti àná. Bí oòrùn ṣe ń gòkè ni ìka mi ń ká, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó má tíì ká, kí dókítà lè rí i. Ẹ ò rí nǹkan, kí èèyàn máa bẹ Ọlọ́run pé kí ìrora má lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kó tó kàn mí. Dókítà ọ̀dọ́ kan ní kí n di ọwọ́, mo dì í. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n dìde, mo ṣe é, ó ń dùn mí àmọ́ mo ṣe é. Ó kọ oògùn tí a ń lò sí ẹ̀fọ́rí fún mi, ó pe ẹlòmíràn. Ìyá bi ọkọ mi nígbà tá a dé pé kí ni wọ́n wí. Ó ní dókítà ò rí nǹkan kan. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí bàbá mi kú lọ.

Ẹni tó wá yọ mí, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ni ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹni tí mo ń ra àpò ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀ ló júwe rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ wò mí lára. Ó ka oògùn funfun kéékèèké sínú bébà, ó ní kí n máa lò ó láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tó bá tán kí n padà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, iṣẹ́ ìyanu ni mo kà á sí. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí mo jí tí ọwọ́ mi ká. Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá, mo kúnlẹ̀ gbìì. Ìyá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ojú mi yó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, ọrùn mi nípọn. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rù là ń bi pé kí ló dé. Ẹni tó bá sanra, ayé ń yẹ ẹ́ nìyẹn. Ìyá a máa nawọ́ sí mi lójú àlejò pé kí wọ́n wo ìyàwó òun bó ṣe ń dán. Àwọn obìnrin ìjọ ń bi mí léèrè ohun tí mo ń jẹ. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Inú mi náà dùn, mi ò lè purọ́. Ọdún méjì kọjá dáadáa tí mo ń jẹ oògùn yẹn bí ẹní ń jẹ gúgúrú, tó bá sì ti fẹ́ tán ni mo ti wà l'Ọ́yọ̀ọ́.

Apá mi àti ẹsẹ̀ mi ń tín-ínrín lábẹ́ aṣọ, ẹnikẹ́ni ò rí i. Bí àwo bá kàn mí lára lásán, ojú ibẹ̀ á dúdú. Egbò kékeré á wà lẹ́sẹ̀ mi fún oṣù. Ojú mi ni gbogbo wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó wo apá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ̀ yín wò, tí ayé sì ń yìn yín pé ẹ ti sanra, ẹ wo apá yín.

Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn, nǹkan kan dún pá ní ẹ̀yìn mi. Mi ò lè dìde. Ọsàn fọ́n ká títì, mo dojú bolẹ̀ láàárín rẹ̀. Awakọ̀ tó fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ mi ló gbé mi dé Ìbàdàn, òun àti ọkọ mi, mo ń ké ní gbogbo gegele tí mọ́tò bá gùn. Wọ́n dá mi dúró sílé ìwòsàn lọ́tẹ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé dókítà kejì, bàbá kan tó ti ń hu ewú, ẹni jẹ́jẹ́. Ó wá bá mi lórí ibùsùn láàárọ̀ kùtù, ó di ìka mi mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Bí ẹ bá jí, ó máa ń pẹ́ tó kí ìka yín tó ká?” Ẹkún ló gbà mí lẹ́nu. Nínú gbogbo ẹni tó ti tọ́jú mi, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí nípa àárọ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹní ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní àìsàn náà kì í ṣe òtútù, kì í ṣe ohun tí mo tẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi ṣe mí. Ó ní àwọn tó ń ṣe ìwádìí nílẹ̀ yìí àti lókè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀dí rẹ̀ ni, pé wọ́n ti rí àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe. “Ajá tó yẹ kó máa ṣọ́lé ló ń bu onílé jẹ,” ó ní. “Ohun tí ara yín fi ń bá àrùn jà, òun ló yíjú sí oríkèé yín.” Ó ní ìwé àwọn òyìnbó sọ pé irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, àmọ́ òun rò pé a ò wá a débi tó yẹ ni. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ mi fún ìwádìí náà, mo sì gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dé Fìdítì, wọ́n ní wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ mi.

Ó wá sọ ti oògùn funfun. Ó ní kì í ṣe májèlé, pé àwọn dókítà náà ń lò ó, àmọ́ wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n, wọ́n máa ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Èyí tí mo dá jẹ ti sọ egungun ẹ̀yìn mi di ohun tó ń rún. Bí mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, yóò pa mí. Bí mo bá sì já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn náà lè pa mí. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù. Wọn yóò máa gún mi ní abẹ́rẹ́ tí góòlù wà nínú rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn yóò sì máa yẹ ìtọ̀ mi wò. Mo bi í bóyá àìsàn náà á wá lọ.

“Kì í lọ,” ó ní. “Ẹ ó máa bá a gbé ni.”

Mo padà sí Fìdítì. Bí oògùn funfun ṣe ń dín kù ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń jò, tí ara mi tún ń gan láàárọ̀. Abẹ́rẹ́ góòlù kì í yára ṣiṣẹ́. Mo tún padà sí dídi ògiri mú lẹ́nu ọ̀nà Ìyá. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò dákẹ́. Ìyá pe àwọn àgbà ilé jọ, ọkọ mi jókòó sáàárín wọn, ó tẹrí ba. Ìyá ní òun fẹ́ kí ẹnì kan là á yé òun. Oògùn tó mú un sanra, tó mú un kúnlẹ̀, òun ni dókítà ní kó jù nù, tí wọ́n wá ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Irú ìwòsàn wo nìyẹn? Àwọn àgbà mi orí. Tí mo bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bóyá èmi náà ì bá mi orí.

Ọkọ mi bẹ̀ mí níṣojú gbogbo wọn pé kí n padà sídìí oògùn náà, kí ilé lè tòrò. Mo ní bí mo bá padà sídìí rẹ̀, òkú mi ni wọ́n máa sin. Ìyá ní mo ń gbé wọn ṣépè. Ó wá dá ẹjọ́ náà. Kí n máa lọ sí Ìlọrà lọ́dọ̀ ìyá mi, kí n lọ tọ́jú ara. Àjíkẹ́ kò ní bá mi lọ, ọmọ ilé wọn ni, ta ni yóò sì máa wẹ̀ fún un níbi tí ẹni tí kò lè fún kànhìnkànhìn wà?

“Lọ́jọ́ tí ara rẹ bá yá,” Ìyá ní, “wá mú ọmọ rẹ.”

Mo ti mọ ohun tí dókítà sọ fún mi. Mi ò sọ ọ́. Bí mo bá sọ pé kì í lọ, ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ díẹ̀ yẹn á tì pátápátá. Àjíkẹ́ ń sùn lẹ́yìn Ìyá nígbà tí wọ́n ń gbé ẹrù mi sí mọ́tò, mo sì ní kí wọ́n má jí i. Ọdún kejì ni ọkọ mi fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó wá sọ fún mi fúnra rẹ̀, ó sì ra búrẹ́dì dání. Mi ò bínú sí i mọ́, ó kàn máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ìlọrà ni mo wà lọ́dọ̀ Màámi. Ìka mi ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní padà mọ́. Ẹ̀yìn mi tẹ̀. Láàárọ̀, Màámi á gbé omi gbígbóná wá, màá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí á fi rọ̀ díẹ̀. Mo ń ta iyọ̀ àti kẹrosíìnì níwájú ilé. Ọsàn, mi ò lè bó ọ mọ́. Mo ṣì ń lọ sí Ìbàdàn fún abẹ́rẹ́ àti fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà, mo sì ń rí àwọn obìnrin mìíràn báyìí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọ̀dọ́ bíi tèmi. Dókítà ní abẹ́rẹ́ náà ti mú àìsàn náà jókòó. Òótọ́ ni, ó jókòó, àmọ́ kò bọ́ bàtà. Ọ̀sán ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo fi àkísà wé bíró kó lè nípọn lọ́wọ́ mi.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ló ń ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sán tàn yín, ẹ sì jẹ́ kí èèyàn yín kan tẹ̀ lé yín débi tí dókítà wà kí ó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ má ra ìwòsàn nínú bébà. Bí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá ń jí pẹ̀lú ara tó gan, ẹ gbà á gbọ́ níta bí ẹ ṣe gbà á gbọ́ nínú yàrá. Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo ń ríran.

Àjíkẹ́ máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Ó ti ń lọ sílé ìwé. Ìyàwó bàbá rẹ̀ ló ń pè ní Màmá. Èmi ni Màmá Ìlọrà. Nígbà tó wá kẹ́yìn, òun ló ń gbé omi gbígbóná fún mi láàárọ̀, ó sì máa ń jókòó tì mí títí ìka mi á fi ká. Lọ́jọ́ tó máa padà, mo ń bá a di ẹrù rẹ̀, ó ní Ìyá àgbà, bó ṣe ń pe ìyá bàbá rẹ̀, ní kí òun wò ó dáadáa bóyá ara mi ti ń yá, pé tó bá yá, òun á wá máa bá mi gbé. Ó ń wo ojú mi.

Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa ẹni tó ń ṣèlérí ìwòsàn, ṣé ọmọ mi ni màá wá purọ́ fún? Mo ní, “Àìsàn yìí kì í lọ, ọmọ mi.”

Kò sunkún. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lérí, ó gbọ́ ìró mọ́tò tó ń bọ̀.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” ó ní. “Ẹ má jẹ́ kí Ìyá àgbà gbọ́ ṣá.”

Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí orúkọ mi nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Àjíkẹ́ náà kọ́ lorúkọ ọmọ mi.